Àpò Tí Kò Sí Lára Sùtánà Mi

Bí ẹ bá bi mí pé nínú gbogbo ẹrù tí wọ́n ń tà mọ́ kámẹ́rà ńlá, èwo ló wúlò jù, mo ní ìdáhùn. Ṣùgbọ́n bí mo bá sọ ọ́ báyìí, ẹ ó ní ọjọ́ orí ti ń ṣe mí. Ẹ fara balẹ̀, ẹ jẹ́ kí n mú yín gba ọ̀nà tí èmi náà gbà mọ̀ ọ́n.

Awakọ̀ akẹ́rù ni mí tẹ́lẹ̀. Ọdún gbọọrọ ni mo fi kó ẹrù jáde ní Dagenham Dock, nílẹ̀ òyìnbó níbí, tí ojú mi kò kúrò lójú títì, tí ọwọ́ mi kò kúrò lára sítíárín. Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, ọ̀sẹ̀ kan péré ni ilé gbà kí ó tó sú mi. Mo wá di ẹni tó ń jókòó sójú fèrèsé, tí mo ń bá àwọn awakọ̀ tó ń kọjá wí, bí ẹni pé wọ́n ń gbọ́. Ọmọbìnrin mi, tó ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, wò mí títí, ó mi orí, ó sì lọ ra kámẹ́rà wá. Kì í ṣe ti inú fóònù o. Kámẹ́rà gidi ni, èyí tí èèyàn ń yọ lẹ́ńsì rẹ̀ tí á sì fi òmíràn sí i, tó jẹ́ pé bí o bá tẹ̀ ẹ́, á dún ṣàkì, bí ìgbà tí àgbà bá fi eyín fọ́ orógbó.

"Dádì," ó ní, "ẹ jáde nílé. Ẹ lọ máa ya ẹyẹ."

Ẹyẹ náà ni mo sì fi bẹ̀rẹ̀. Mo máa ń wọ bọ́ọ̀sì ní Barking lọ sí Creekmouth, níbi tí odò Roding ti ń wọ inú Thames, mo máa ń dúró tì í láàárọ̀. Àwọn ẹyẹ ibẹ̀ gbọ́n ju èmi lọ. Kí n tó rí ibi tí mo máa tẹ̀, wọ́n á ti gbéra. Lóṣù àkọ́kọ́, ìrù ẹyẹ ló kún inú kámẹ́rà mi. N kò ní orí kan báyìí tí mo lè fi han ènìyàn.

Mo wá gbà lọ́kàn ara mi pé kì í ṣe ẹ̀bi mi. Ẹrù ni kò pé. Ẹni tó ní ẹṣin tí kò ní ìjánu, ṣé a lè ní ó mọ ẹṣin í gùn?

Ṣọ́ọ̀bù kan wà tí wọ́n ti ń ta ohun èlò kámẹ́rà àlòkù, irú èyí tí à bá máa pè ní tòkunbọ̀ bí a bá wà nílé. Ṣùgbọ́n ibi tí tòkunbọ̀ ti ń gbéra la wà yìí, n kò mọ ohun tí à bá pè é. Ọkùnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù náà kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bí mo bá tọ́ka sí nǹkan, á gbé e wá. Ìwọ̀nba ìyẹn náà ti tó láti ba ayé ènìyàn bíi tèmi jẹ́. Mo ra lẹ́ńsì gígùn kan tó tó apá ọmọdé, tí mo fi lè rí ẹni tó dúró lórí ọkọ̀ ojú omi lókèèrè kí n sì mọ̀ bóyá ó fá irùngbọ̀n. Mo ra iná fúláàṣì tí wọ́n ń fi sórí kámẹ́rà. Mo ra ìdúró ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Mo ra rọ́bà kékeré tí wọ́n fi ń fẹ́ eruku, tó ń ṣe fííì bí ọmọ tó ń ṣọ̀fọ̀ bọ́ọ̀lù. Mo ra báàgì tí yóò gba gbogbo wọn, tí àpò ara rẹ̀ pọ̀ débi pé n kò mọ iye wọn títí di òní. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí ọ̀rọ̀ àpò yẹn.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ délé, mo tò wọ́n sórí tábìlì, mo pe ọ̀rẹ́ mi tó ń gbé ní Whalebone kí ó wá wò wọ́n.

Alàájì ni ọ̀rẹ́ mi yìí, ọmọ Ẹ̀gbá. Dagenham Dock ni a ti jọ wa ọkọ̀. Ṣùgbọ́n kí ó tó wá sí ìlú yìí, ilé fọ́tò ló ní ní Abẹ́òkúta. Bí ó bá sọ̀rọ̀ fọ́tò, ẹ̀kọ́ ni. Ó wọlé, ó kí gbogbo ilé, ó jókòó, ó wo tábìlì. Ó mu tíì tán. Ó tún wo tábìlì.

"Ṣé o fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù ni?"

"Alàájì, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Èwo ló dáa níbẹ̀?"

"Kí lo fẹ́ yà?"

"Ohun gbogbo."

"Ohun gbogbo kò sí. Nígbà tí mo wà nídìí iṣẹ́, ẹni tó bá wọlé tó ní òun fẹ́ ya ohun gbogbo, mo mọ̀ pé kò tíì ronú. Mọ ohun tí o fẹ́ yà ná. Òun ni yóò sọ fún ẹ ohun tí o máa rà."

Ó na ọwọ́, ó tú ẹrù náà wò díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń ṣa òkúta nínú ẹ̀wà. Ó gbé lẹ́ńsì gígùn sápá kan. Ó ní inú ilé kọ́ ni wọ́n ti ń lò ó, àfi bí mo bá fẹ́ ka irun imú àwọn ènìyàn. Ó gbé fúláàṣì sápá kejì. Nígbà tó kan ohun tó kéré jù lọ níbẹ̀, bátìrì kejì tí mo kàn mú mọ́ra nítorí pé ó wà lẹ́bàá ọwọ́ mi, ó gbé e sókè.

"Èyí ni àgbà gbogbo wọn."

Mo bú sẹ́rìn-ín. Kò bá mi rín.

"Ìwọ rẹ́rìn-ín. Kámẹ́rà tí bátìrì rẹ̀ kú, kí ni ó yàtọ̀ sí bíríkì? Òtútù ilẹ̀ yìí sì ń mu bátìrì bí ẹní mu omi. Má ṣe jù ú sínú báàgì. Fi sí àpò lára rẹ, kí ó máa móoru. Ṣé o gbọ́? Lára rẹ."

Mo ní mo gbọ́. Ó dàbí pé ó rí i lójú mi pé ọkàn mi wà lára lẹ́ńsì gígùn, ó tún un sọ lẹ́ẹ̀kẹta: lára rẹ.

Nǹkan bí oṣù kan lẹ́yìn ìyẹn ni ohun tí mo fẹ́ yà dé, tí n kò wá a lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló mú un wá. Lọ́dọ̀ wa níbí ni ó ń gbé, ní Dagenham. Òun ni ó pọ̀n mí nígbà tí mo wà lọ́mọ ọwọ́ ní Ìjẹ̀bú, nítorí náà, bí mo ṣe di bàbá arúgbó yìí, "ìwọ ọmọ yìí" ni ó ṣì ń pè mí. Aránṣọ ni. Títí di bí mo ti ń sọ̀rọ̀ yìí, ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ wà ní kọ̀rọ̀ pálọ̀ wa, kò sì sí ẹni tó lè gbé ife lé e lórí. Eékún ló mú un lódún tó kọjá. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, ó lo kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń ti aláìsàn, ó kúrò nínú kẹ̀kẹ́, ó bọ́ sórí ọ̀pá. Lọ́jọ́ kan, ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pè é láti ilé, ní Ìjẹ̀bú. Mo wà níbẹ̀. Fóònù náà ń pariwo, gbogbo wa la sì gbọ́ ohùn obìnrin yẹn.

"A gbọ́ pé kẹ̀kẹ́ ni wọ́n fi ń tì ẹ́ kiri báyìí. Ó mà ṣe o! Ìwọ tí o máa ń jó jù wá lọ!"

Ẹ̀gbọ́n mi kò bá a jà. Ó kí i, ó gbàdúrà fún àwọn ọmọ rẹ̀, ó gbé fóònù sílẹ̀. A jókòó, a jẹun. Nígbà tó yá, ó yíjú sí mi.

"Ọjọ́ tí mo bá lè rìn láìlo ọ̀pá, màá jó lọ sídìí pẹpẹ, màá dúpẹ́. Ìwọ ọmọ yìí, ìwọ ni wàá ya fọ́tò rẹ̀. A máa fi ránṣẹ́ sí wọn."

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo lè yà yín nísinsìnyí. Ẹ dìde, ẹ dúró ní pálọ̀ yìí."

"Pálọ̀ kẹ̀? Wọ́n á ní mo di àga mú lẹ́yìn. Ibi tí mo ti ń jó ni kí o ti yà mí, kí gbogbo ìjọ wà níbẹ̀. Ẹsẹ̀ ni kí o sì yà. Ojú mi, wọ́n mọ̀ ọ́n."

Ohun tó wà nílẹ̀ nìyẹn. Ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi, nínú ijó, láìsí ọ̀pá. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni a sì ní, nítorí dókítà ti sọ pé kí ó má ṣe rìn jù. A fẹnu kò pé yóò jó láti ẹnu ọ̀nà lọ sídìí pẹpẹ, a ó gbé àga síbẹ̀ fún un, yóò sì jókòó síbẹ̀ títí ìsìn á fi parí. Àwọn tó ní fóònù kò sì lè gbà wá, nítorí pé Wòlíì wa ti ṣòfin láti ọjọ́ ìkórè pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé fóònù sókè nígbà ìsìn. Lọ́jọ́ ìkórè yẹn, fóònù bo pẹpẹ lójú bí igbó. Kámẹ́rà kan ṣoṣo ni Wòlíì gbà láyè. Kámẹ́rà tèmi ni.

Ẹ̀gbọ́n mi rán sùtánà tuntun fún èmi àti òun fún ọjọ́ náà. Bó ṣe ń wọn èjìká mi, mo rántí ọ̀rọ̀ Alàájì.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi àpò sí i."

Ó fa okùn ìwọ̀n yọ lọ́rùn mi.

"Àpò ṣe kí ni? Kí o lè máa kó bisikíìtì wọ ilé Ọlọ́run bí ti àná? Mo gbọ́ ìró rẹ láàárín ìwàásù, kíríkírí, bí eku."

Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe rán an. Funfun gbòò, ó balẹ̀ dé ọrùn ẹsẹ̀, kò sí àpò kankan.

Ìjọ wa wà ní Creekmouth, nínú ọ̀kan nínú àwọn ilé ìkẹ́rù ibẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ kan wa, wọ́n ń tún táyà ṣe. Ẹ̀gbẹ́ kejì, n kò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe é lọ́jọ́ Ìsinmi. A ti kùn ún ní funfun, a ti fi kápẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí pẹpẹ. Òtútù oṣù kejì kò mọ èyí. Ọ̀sán Sátidé ni mo ti kó gbogbo ẹrù kámẹ́rà sínú bọ́ọ̀tù ọkọ̀ kí n má baà gbàgbé nǹkan kan, ibẹ̀ ni ó sì wà di òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Ṣùgbọ́n bátìrì kejì, mo gbọ́ràn. Mo fi sí àpò inú kóòtù òtútù mi, lápá òsì, níbi ọkàn. Bí mo ti ń wakọ̀ lọ, mo ń fọwọ́ kàn án wò. Ó móoru bí ẹyin abẹ́ adìyẹ.

A dé ìjọ. Ẹni tó bá mọ àwa aláṣọ funfun yóò ti mọ ohun tó tẹ̀lé e. A kì í wọ bàtà wọ inú ilé náà. Mo bọ́ bàtà, mo tò ó mọ́ ti àwọn tó kù. Mo bọ́ kóòtù, mo fi kọ́ sórí irin tí a ń fi kóòtù kọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Mo tún sùtánà ṣe, mo gbé báàgì kọ́ èjìká, mo wọlé bí ọ̀gá.

Bátìrì kejì ṣẹ́ kù sẹ́nu ọ̀nà. N kò mọ̀.

Ìdúró ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni mo kọ́kọ́ nà sí ẹ̀gbẹ́ kápẹ́ẹ̀tì. Ìyá kan wà tó máa ń tọ́jú ẹnu ọ̀nà ìjọ wa, tí kò sí ohun tó lè sá fún ojú rẹ̀. Ó rìn wá, ó tẹ̀ ba, ó wo ìsàlẹ̀ ìdúró náà.

"Bàbá, kí lèyí wọ̀ sẹ́sẹ̀?"

"Rọ́bà ni, Màmá, kí ó má baà yọ̀."

"A kì í wọ bàtà wọ ibí."

Mo rò pé ó ń ṣàwàdà. Kò ṣàwàdà. Mo yọ rọ́bà ẹsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo kó wọn fún un, ó lọ tò wọ́n síbi bàtà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, pẹ́ẹ́pẹ́ẹ́. Ìdúró náà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ bí ewúrẹ́ orí yìnyín. Mo ká a, mo jù ú sábẹ́ àga.

Mo gbé fúláàṣì sórí kámẹ́rà, mo ní kí n dán an wò. Ìyá Ìjọ, olórí àwọn obìnrin wa, ń kọjá lọ, mo yà á. Fúláàṣì pàdé aṣọ funfun, aṣọ funfun pàdé ògiri funfun, ohun tó ṣẹ́ kù nínú fọ́tò náà ni ojú méjì àti eyín. Alàájì ti kọ́ mi pé kí n yí orí fúláàṣì sókè kí iná lu àjà kí ó tó bọ́ sílẹ̀. Mo yí i sókè. Àjà ilé ìkẹ́rù ga bí ọ̀run, iná náà lọ, kò padà wá. Mo yọ fúláàṣì kúrò, ó di sábẹ́ àga.

Ní báyìí, ẹ gbọ́ àṣìṣe tí mo ṣe gan-an. Ìyá Ìjọ ti rí i pé mo ya òun. Àwọn ìyá tó kù rí i pé mo ya Ìyá Ìjọ. Ṣé èmi ọmọ Ìjẹ̀bú, ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé, yóò ya ìyá kan, yóò sì fi ìyá kejì sílẹ̀?

"Bàbá, ṣé àwa kì í ṣe ènìyàn ni?"

"Ẹ dúró dáadáa, Màmá."

"Ẹ jẹ́ kí n wò ó. Háà! Mo di ojú. Ẹ tún un yà."

"Èmi àti ọ̀rẹ́ mi ńkọ́? Méjèèjì pọ̀. Ó yá, ẹ ya ẹnì kọ̀ọ̀kan wa náà."

"Ẹ fi ti Ìyá Ìjọ hàn mí ná. Ṣé ojú tiẹ̀ là?"

Wọ́n tò sí iwájú mi bí ẹni tó ń gba búrẹ́dì. Ẹni tí mo bá yà, á ní kí n fi hàn án. Ẹni tí mo bá fi hàn, á pe ẹlòmíràn kí ó wá wò ó. Ojú kámẹ́rà kò kú rárá. Kámẹ́rà tó sùn sínú òtútù bọ́ọ̀tù ọkọ̀ ni o. Nígbà tí wọ́n fi lu agogo ìsìn, mo ti ya gbogbo ìyá ìjọ tán, àfi ẹ̀gbọ́n mi.

Àkókò ìdúpẹ́ tó. Wọ́n pe orúkọ rẹ̀. Mo dúró lẹ́bàá pẹpẹ. Lẹ́ńsì gígùn ni mo fi sí i, nítorí pé mo fẹ́ kí ìjọ rí i, kí n má purọ́. Àwọn akọrin gbé orin. Ẹ̀gbọ́n mi yọ lẹ́nu ọ̀nà nínú sùtánà tuntun, ó gbé ọ̀pá fún ọmọbìnrin mi, ó wo iwájú, ó sì gbé ẹsẹ̀ àkọ́kọ́.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo ti mọ ijó obìnrin yìí láti ẹ̀yìn rẹ̀ tí ó fi pọ̀n mí. N kò tíì rí i kí ó jó báyìí rí. Díẹ̀díẹ̀ ni, bí ẹni tó ń bá ilẹ̀ dúnàá-dúrà. Ìjọ pariwo. Nígbà tó ti sún mọ́ mi ni mo tó gbé kámẹ́rà sójú. Mo rí etí rẹ̀. Etí nìkan, ó kún inú gíláàsì. Mo sún sẹ́yìn, mo rí imú. Mo tún sún sẹ́yìn, ẹ̀yìn mi kan pẹpẹ. Mo ní ó dáa, n ó tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́. Àmì pupa kan ṣẹ́jú níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kámẹ́rà sì di bíríkì.

Mo fọwọ́ kan àyà mi. Àyà ni mo bá. Mo fọwọ́ kan ìbàdí. Aṣọ ló balẹ̀ lọ ní tirẹ̀. Ìgbà yẹn ni kóòtù mi wá sí mi lọ́kàn, lórí irin, lẹ́nu ọ̀nà, pẹ̀lú ẹyin adìyẹ tí mo ń tọ́jú.

Mo gba ẹ̀gbẹ́ ògiri, mo sáré. Àgbà kì í sáré lásán, ẹni tó bá rí mi yóò mọ̀. Nígbà tí mo fi dé ẹnu ọ̀nà, ẹ̀gbọ́n mi ti dé ìdí pẹpẹ. Mo gbọ́ tí Wòlíì bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Ó tán, mo sọ fún ara mi. Ohun tó bẹ̀ mí nìyí, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, mo sì fi ya eyín àwọn ìyá ìjọ tán.

Síbẹ̀ mo ń wá a. Ǹjẹ́ ẹ ti wo irin kóòtù ìjọ wa lóṣù kejì rí? Dúdú ni gbogbo wọn, gígùn ni gbogbo wọn. Mo ki ọwọ́ bọ àpò kan, mo bá orógbó. Mo ki ọwọ́ bọ òmíràn, mo bá ìbọ̀wọ́ ẹyọ kan. Mo wà nínú ìkẹta nígbà tí mo gbọ́ ohùn lẹ́yìn mi.

"Bàbá, kí lẹ ń wá nínú kóòtù mi?"

Ìyá ẹnu ọ̀nà ni.

"Bátìrì, Màmá."

"Bátìrì? Nínú kóòtù mi?"

N kò lè dúró ṣàlàyé. Ìkarùn-ún ni tèmi. Bátìrì náà ṣì lọ́wọ́ọ́rọ́. Ó bọ́ lọ́wọ́ mi sáàárín bàtà, mo kúnlẹ̀, mo wá a, mo rí i, mo tì í sínú kámẹ́rà, mo gbé orí sókè.

Ẹ̀gbọ́n mi ti yíjú padà níwájú.

Ohun tó ṣẹlẹ̀, òun ló sọ ọ́ fún wa lẹ́yìn náà. Wọ́n gbàdúrà tán, wọ́n gbé àga fún un. Ó wo ibi tí ó yẹ kí n wà, kò rí mi. Ó bi ọmọbìnrin mi, ìyẹn tọ́ka sẹ́nu ọ̀nà, sí bàbá rẹ̀ tí ó wà lórí ìkúnlẹ̀ láàárín bàtà. Ó ní gbogbo rẹ̀ ló yé òun lẹ́ẹ̀kan náà, títí kan ọ̀rọ̀ àpò. Ó na ọwọ́ sí àwọn akọrin pé kí wọ́n má dákẹ́. Ó ti àga sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó sì ń jó padà bọ̀.

Gbogbo ìyá ìjọ tú jáde láti bá a jó, aṣọ wọn sì bo ọ̀nà. Inú ilé ṣókùnkùn, lẹ́ńsì gígùn kò sì fẹ́ kí kámẹ́rà mì. Mo dojú bolẹ̀. Mo gbé kámẹ́rà lé orí bàtà òtútù ńlá kan, mo fi bàtà méjì mìíràn há a lọ́tùn-ún lósì, kò mì mọ́. Bí mo ti nà gbalaja bẹ́ẹ̀ nínú aṣọ funfun, mo gbọ́ ohùn ìyá ẹnu ọ̀nà lókè orí mi.

"Ẹ̀mí ti gbé Bàbá! Ẹ fún un láyè! Ẹ yà fún un! Ta ló ní ìwé àti bírò?"

Ẹ mọ̀ pé láàárín wa, bí Ẹ̀mí bá gbé ènìyàn, ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà tí yóò kọ ohun tó bá sọ sílẹ̀. Ọlọ́run má bínú sí mi, n kò sọ fún un pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó na apá méjèèjì, gbogbo ènìyàn yà sọ́tùn-ún, wọ́n yà sósì, ọ̀nà sì là gbooro láti ọ̀dọ̀ mi dé ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi. Níbi tí mo wà yìí, ilé náà gùn tó fún lẹ́ńsì gígùn. Mo rí i láti orí fìlà dé ọmọ ìka ẹsẹ̀. Àwọn kan tó pẹ́ dé sì ṣí ilẹ̀kùn lẹ́yìn mi, ìmọ́lẹ̀ ọjọ́ wọlé, ó bá a lójú ijó. Ọjọ́ yẹn nìkan ni mo dúpẹ́ pé àwọn ènìyàn wa kì í tètè dé ìjọ.

Ṣàkì.

Mo ṣì wà nílẹ̀ nígbà tó dé ọ̀dọ̀ mi. Ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, òógùn bo ojú rẹ̀. Ìyá ẹnu ọ̀nà ti tẹ́ ìwé sórí itan, bírò wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Bàbá, kí ni Ẹ̀mí wí?"

Ẹ̀gbọ́n mi ló dá a lóhùn. "Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé kí n rán àpò."

Nígbà tí a délé, Alàájì wá, mo fi fọ́tò náà hàn án. Ó fi ìka méjì mú awò ojú rẹ̀ sún mọ́ ọn. Iwájú fọ́tò náà, bàtà ni, bàtà lóríṣiríṣi, ó ṣókùnkùn bí ìlà igbó. Lókè wọn ni ẹ̀gbọ́n mi wà, ẹsẹ̀ ọ̀tún lórí ilẹ̀, ẹsẹ̀ òsì lókè, ọwọ́ méjèèjì ṣófo, ẹnu là sí ẹ̀rín.

"Ta ló kọ́ ẹ kí o dọ̀bálẹ̀ láti ya fọ́tò?"

"Bàtà ni mo fi ṣe ìdúró."

"Bátìrì ńkọ́? Ṣé ó wà lára rẹ?"

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń fi fìlà nu ojú. "Èmi náà ń bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí lójoojúmọ́," ó ní, "ó yẹ kí n ti rò ó. Ohun tí èèyàn bá fi sẹ́nu ọ̀nà ilé Ọlọ́run, kò tún lè lò ó àfi tó bá jáde."

Ọmọbìnrin mi fi fọ́tò náà ránṣẹ́ sílé. Kò pẹ́ tí fóònù dún, ohùn tí a mọ̀ ni.

"Ìwọ! A rí fọ́tò! Ta ló ni gbogbo bàtà yẹn?"

"Ẹ fi bàtà sílẹ̀," ẹ̀gbọ́n mi ní. "Ẹ wo ọwọ́ mi. Ẹ wo ẹsẹ̀ mi. Ṣé ẹ rí ọ̀pá?"

Obìnrin náà gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́. A ń gbọ́ bí ó ṣe ń fi fọ́tò náà han àwọn ẹlòmíràn, tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Nígbà tó padà sórí fóònù, ohùn rẹ̀ ti yàtọ̀.

"A ò rí ọ̀pá. Ọ̀rẹ́ mi, a ò rí ọ̀pá kankan. O ṣì ń jó jù wá lọ."

 Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ẹ kú àdúrà," ó gbé fóònù sílẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ tó ń ro ó lé orí àpótí, nítorí pé ijó àlọ àti àbọ̀ yẹn kò fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Kò ráhùn lẹ́ẹ̀kan.

Lọ́jọ́ kẹrin, mo gbọ́ ìró ẹ̀rọ ìránṣọ. Sùtánà mi ló wà lábẹ́ abẹ́rẹ́. Ó gé nínú aṣọ tó kù, ó rán àpò sínú rẹ̀ lápá òsì, níbi ọkàn, tí ojú kò lè rí i lóde. Ó jù ú sí mi lẹ́sẹ̀.

"Bátìrì nìkan o. N kò gbọdọ̀ bá bisikíìtì níbẹ̀."

Lẹ́ńsì gígùn ti padà sọ́dọ̀ ẹyẹ. Fúláàṣì àti ìdúró ṣì wà níbi tí mo jù wọ́n sí. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí nísinsìnyí pé kí ni kí òun kọ́kọ́ wá fún kámẹ́rà òun, mo máa ń ní kí ó lọ bá aránṣọ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ní ti bisikíìtì, ẹyọ kan péré ni mo tíì kó síbẹ̀, ó sì jẹ́ irú èyí tí kì í dún.